Ààlè Ojú Irin

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: títí di òní, mi ò lè sọ fún yín bí mo ṣe di ọ̀gá reluwé. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe lọ́yà ní Ore, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń ta sípéèpáàtì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń kọ ìwé ẹjọ́, òórùn epo mọ́tò á máa gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi. Oríṣi ẹjọ́ méjì ni mo mọ̀ ọ́n rò: ẹjọ́ tírélà tó pa èèyàn lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ bi mí léèrè ààlà oko èyíkéyìí láti Odigbo títí dé Omifunfun, màá sọ ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà lórí rẹ̀ fún yín, màá sì sọ irọ́ tí àwọn méjèèjì ń pa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́ rí láyé mi, oorun ni mo sì sùn nínú rẹ̀ títí a fi dé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin mẹ́ta gun àtẹ̀gùn mi wá, wọ́n wọ súùtù nínú ooru Ore. Mo rò pé mọ́tò ló gbá èèyàn wọn. Wọ́n ní rárá, ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ la ojú irin tuntun ló rán àwọn wá, ojú irin tó máa ti ọ̀nà Èkó wá, tó máa gba ẹ̀yìn Ore, tó máa la oko àwọn ará Odigbo kọjá lọ sí ọ̀nà Benin. Wọ́n ń wá ẹni tó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹni tó mọ àwọn ará ibí tí àwọn ará ibí sì mọ̀. Mo ní kò sí wàhálà, kí wọ́n mú ìwé wọn wá, màá bá wọn gba ẹjọ́ rò. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ẹjọ́ kọ́, màdáámù. A fẹ́ kí ẹ pa kóòtù tì, kí ẹ wá di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wa." Mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀.

Mo gbà. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí, ìdáhùn mi kì í dọ́gba lọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kan màá ní ó ti sú mi ni, ẹjọ́ tírélà ti sú mi, adájọ́ tó ń sún ẹjọ́ síwájú ti sú mi. Lọ́jọ́ kejì màá ní ojúkòkòrò ni, torí àga tí wọ́n fi hàn mí nínú ọ́fíìsì yẹn, èèyàn lè sùn lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta màá rántí pé láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ojú irin wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Òṣogbo, ó wà ní Ọ̀fà, àwa ń bẹ ní Ore níbí, à ń ka lọ́rì lójú títì. Bóyá ìyẹn náà wà níbẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe di ọ̀gá reluwé tí kò ní reluwé. Mo ní ọ́fíìsì, mo ní dírẹ́bà, orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n irin kan ṣoṣo ò sí nílẹ̀. Àwọn ará Ore ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá dúró ra bọ̀ọ̀lì ní oríta, obìnrin tó ń sun ún á pariwo, "Ìyá Reluwé! Ọkọ̀ yín dà?" Màá ní ó ń bọ̀. Á ní, "Ṣé ó ti kúrò ní Benin, ká tètè lọ wẹ̀?" Gbogbo oríta á bú sẹ́rìn-ín. Màá pòṣé, màá ní bọ̀ọ̀lì rẹ̀ ti jóná, kó mójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Inú bí mi nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ní ìpàdé wa àkọ́kọ́, mo rí i lórí máàpù pé ọ̀nà náà máa gba inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹnjiníà wa, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbójú sókè. Ó ní, "Màdáámù, kì í ṣe ọ̀kadà. Ọkọ̀ ojú irin kì í dédé yà." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo ní bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún ọmọ èèyàn, kó má wọ ìlú wa. Ẹ̀rín tán. Wọ́n yí ọ̀nà náà padà lóòótọ́, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí bí ẹ bá yí ojú irin níbì kan, ibi tó jìnnà réré sí i náà máa yí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ojú irin kì í ṣe títì. Mo lọ wá ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà á, kò yé mi, mo tún un kà.

Omifunfun ni ẹni tó tọ́ mi dàgbà ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ṣùgbọ́n Màmá ni mo ń pè wọ́n, torí ìyá tó bí mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Aládùúrà ni wọ́n, Aládùúrà gidi, tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Ọkọ wọn gbin oko kòkó kan sílẹ̀ létí odò kó tó kú. Oko yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, òun ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Èmi àti Màmá la jọ ń fọ́ kòkó, tí omi rẹ̀ á máa ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Nígbà tí mo lọ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun fún wọn, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wọ́n omi sí mi lórí. Lẹ́yìn àmín, wọ́n ní, "Ọma mi," torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ọmọ ní Ìkálẹ̀, "ta ni yóò wá máa bá wa ro ẹjọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹjọ́ wo, Màmá, ẹjọ́ ti tán.

Nígbà tí máàpù tuntun jáde, mo rí i pé ọ̀nà tí mo ní kí wọ́n yí nítorí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti wá bọ́ sínú oko Màmá. Gbogbo etí odò, ibi tí kòkó ti ń so jù. Ẹ gbà mí o! Mo jókòó, mò ń wo ìwé náà, mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé èmi fúnra mi ni mo kọ òfin tí ilé-iṣẹ́ wa máa tẹ̀ lé: ilẹ̀ dípò ilẹ̀. Ẹni tí oko rẹ̀ bá bọ́ sójú ọ̀nà, ilé-iṣẹ́ á fún un ní oko mìíràn ní òdìkejì odò. Mo ní Màmá ò ní pàdánù nǹkan kan.

Àmọ́ lọ́yà ni mí, mo sì mọ àwọn èèyàn mi. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọ̀nà ń bọ̀, ẹni tí kò dé oko láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ á sáré lọ ti igi ẹ̀gẹ́ bọlẹ̀, á ní oko òun ni. Nítorí náà mo fi ìlà kan kún òfin náà: oko tí ẹnikẹ́ni ò bá kórè nínú rẹ̀ ní odindi àsìkò kan, igbó la máa kà á sí, a ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ dípò rẹ̀. Inú mi dùn sí ìlà yẹn. Mo kà á sókè fún ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀ lọ rẹrẹ, láti oko dé oko, wọ́n sì so aṣọ pupa mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ojú lè máa rí i láàárín ewé. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mò ń wo aṣọ pupa lórí igi, nǹkan kan ò sọ sí mi lọ́kàn. Èmi tí wọ́n bí sí Odigbo! Ta ni kò mọ ààlè nílẹ̀ yìí? Igi ìdáná tí ẹ bá rí àkísà pupa lórí rẹ̀, igi ọsàn tí wọ́n so nǹkan mọ́ nídìí, ẹ ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó ni ín ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Màmá gbá mi létí nígbà tí mo wà ní kékeré torí pé mo nawọ́ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ní ààlè. Bó bá jẹ́ ọmọ Èkó ló ṣe irú èyí, ẹ lè ní kò mọ̀.

Bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Omifunfun torí pé mọ́tò ò lè gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Ọlọ́kadà náà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin tí mo ti gba ẹjọ́ rẹ̀ rò rí, kàn ṣàdédé ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámù. Ààlè yín mú o." Mo ní, ààlè wo? Ó fi àgbọ̀n júwe èèkàn. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń kọjá ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá já kòkó lẹ́yìn ààlè reluwé, ọkọ̀ náà máa dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé." Mo rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ lórí ọ̀kadà. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ fara balẹ̀. Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe ààlè, kí wọ́n máa já kòkó wọn, ọ̀nà ò tíì dé. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Ìdí ni pé níbòmíràn tí ojú irin náà ń gbà, àwọn àgbẹ̀ ń fa èèkàn tu, wọ́n ń fi dáná, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ á tún padà lọ ri òmíràn. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹyọ kan ò sọnù. Mo ní lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí ààlè máa bá wa ṣọ́ ọ, kí ló kàn mí. Mi ò ronú kan kòkó ẹnikẹ́ni. Àbí mo ronú kàn án? Mo ti wá inú ọkàn mi títí, mi ò rí ìdáhùn tó dá mi lójú níbẹ̀.

Nígbà tí a ṣe ìpàdé ní olú ilé-iṣẹ́, mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo ní èèkàn kan ò sọnù ní apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá àgbà wa ní, "Ẹ rí ohun tí mo ń sọ? Ẹni tó mọ èèyàn rẹ̀ nìyí." Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fi gbogbo apá ìlà-oòrùn ọ̀nà náà sábẹ́ mi. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan mọ́ o: ibùdókọ̀, afárá, òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀. Wọ́n rán mi lọ sí Abuja láti lọ kọ́ iṣẹ́, odindi àsìkò kòkó ni mo sì fi wà níbẹ̀, tí mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àkókò tí ọkọ̀ á gbéra, ọkọ̀ tí wọn ò tíì rà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, màá pe Màmá lórí fóònù. "Ṣé kò sí, Màmá?" "Kò sí, ọma mi. Ọlọ́run ń ṣe é." Wọn ò sọ nǹkan mìíràn rí.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo padà. Èmi àti ẹnjiníà pẹ̀lú akọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti oko dé oko, kí a lè kọ èyí tó jẹ́ oko àti èyí tó jẹ́ igbó sílẹ̀. Nígbà tí a sún mọ́ odò ní Omifunfun, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Kòkó tó jẹrà. Wọ́n wà lórí igi, wọ́n ti dúdú, ọ̀kẹ́rẹ́ ti dá ihò sí wọn lára, ìtàkùn ti gun igi dé òkè, ọ̀nà tí mo máa ń sáré gbà ní kékeré ti dí pátápátá. Akọ̀wé ní, "Oko ta nìyí?" Mo dúró, mò ń wò yíká bíi pé ẹlòmíràn ló yẹ kó dáhùn. Ẹnjiníà wo ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó já nǹkan níbí ní àsìkò yìí. Ní ìbámu pẹ̀lú ìlà tí ẹ kọ, màdáámù, igbó ni." Ó kọ igbó. Oko mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e létí odò náà, igbó ló ń kọ sí gbogbo wọn.

Mi ò bá wọn parí rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Màmá. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Mi ò tilẹ̀ kí wọn dáadáa. Mo ní, "Màmá, kí ló ṣe yín tí ẹ ò já kòkó?"

Wọ́n wò mí bíi pé ibà ń ṣe mí. "Ọma mi, ṣé kì í ṣe ìwọ lo pa ààlè sí i ni?"

"Èèkàn ni, Màmá! Igi lásán ni!"

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Àwọn tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní igi lásán ni, wọ́n fẹ́ wọlé lọ já tiwọn. Mo ní rárá. Mo ní ọmọ mi ló fi síbẹ̀, ọmọ mi kì í ṣe nǹkan lásán. Mo dúró sójú ọ̀nà, mo dá gbogbo wọn padà."

Orí mi fò lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin Aládùúrà, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ wá ń bẹ̀rù ààlè!"

Inú bí wọn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Ta ló ń bẹ̀rù? Ẹ̀rù kọ́. Ẹni tó ni nǹkan sọ̀rọ̀, a gbọ́. Bí èmi tí mo tọ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ta ló kù tó máa bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ nílùú yìí?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Wọn ò mọ èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Kòkó àsìkò kan ti bàjẹ́, ìyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n oko náà fúnra rẹ̀, tí ìwé bá ti ní igbó ni, ojú irin máa gbà á lọ, wọn ò sì ní rí ilẹ̀ kankan dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ orí wọn, ilé tí wọ́n ń gbé àti oko yẹn nìkan ni wọ́n ní láyé. Màmá ò nawọ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, wọn ò sì ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n yí ọ̀nà. Èmi ni mo buwọ́ lu aṣọ pupa. Èmi náà ni mo kọ ìlà tó sọ oko di igbó. Màmá ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ kejì mo pe ọ̀gá àgbà, mo sọ fún wọn pé oko ẹni tó tọ́ mi wà nínú rẹ̀. Wọn ò bínú rárá, ìyẹn ló tilẹ̀ dà mí láàmú. Wọ́n ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. A máa wá ilẹ̀ kan fún màmá yín ní bòókẹ́lẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí àwọn tó kù wà bí wọ́n ṣe wà." Àwọn tó kù ni àwọn tí Màmá dá padà lójú ọ̀nà oko wọn. Mo ní màá rò ó. Kì í ṣe pé mò ń díbọ́n o, mo rò ó lóòótọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń rò ó, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé lọ́yà tètè máa ń mọ ohun tó tọ́, ẹ ní mo ní irọ́ ló pa.

Òfin tí mo kọ́ wà nínú orí mi. Ó ní bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ bá dá olóko dúró, kò lè padà wá sọ pé olóko ló pa oko tì. Ṣùgbọ́n ta ló dá wọn dúró? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò síwèé. Àfi bí ẹnì kan nínú reluwé bá mọ̀ pé wọ́n kà á sí ààlè, tó wá dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo mọ̀ ọ́n rò, ti ara mi dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́.

Gbọ̀ngàn ìlú ní Odigbo ni ìgbìmọ̀ jókòó sí láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n kọ igbó fún. Èmi, ẹnjiníà, àti ìjòyè kan láti ìlú la jókòó lórí àga níwájú. Lọ́yà ọ̀dọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ wa rán wá láti Èkó ló ń bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Màmá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wọ́n dìde nínú sùtánà funfun wọn.

Lọ́yà náà ní, "Mà, ṣé ẹnì kan láti reluwé wá sọ fún yín pé kí ẹ má wọ oko yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ."

"Ó dáa. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi í sílẹ̀ nìyẹn."

"Ààlè ló sọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sí wa, ó ní ó tán, òun ò ní ìbéèrè mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn ń kùn. Mo rí Màmá tí wọ́n ń wo ojú mi, wọn ò bẹ̀rù rárá, wọ́n ń dúró de èmi ọmọ wọn kí n sọ fún ọmọ Èkó yìí pé ààlè ni lóòótọ́. Wọ́n gbà pé mo fi tọkàntọkàn pa á ni. Háà!

Mo dìde. Mo kúrò lórí àga mi, mo lọ dúró síbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìwé ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi sọ̀rọ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Mo ní, "Wọ́n sọ fún mi nígbà òjò pé àwọn èèyàn ti ka èèkàn wa sí ààlè, pé wọn ò wọ oko wọn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó ń bá wa ṣọ́ èèkàn. Mo mọ̀. Èmi ọ̀gá reluwé mọ̀, mo sì dákẹ́. Reluwé ló dá wọn dúró."

Ìjòyè ní kí akọ̀wé kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo wo ibi tí Màmá dúró sí. Wọ́n ti jókòó sáàárín àwọn tí wọ́n dá padà nítorí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ́ iwájú aṣọ wọn, wọ́n ń tẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò hunjọ. Nígbà tí a jáde, mo wá wọn títí nínú èrò. Àwọn èèyàn ní wọ́n ti gun ọ̀kadà lọ.

Ìgbìmọ̀ náà pa igbó rẹ́ nínú ìwé, wọ́n kọ oko sí i, fún Màmá àti fún gbogbo wọn. Ilé-iṣẹ́ gbà. Mo ti ń kó ẹrù mi jọ nínú ọ́fíìsì, mo ti sọ fún ẹni tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ore pé mò ń padà bọ̀. Ni ọ̀gá àgbà bá pè mí. Wọ́n ní ohun tí mo sọ dun àwọn gan-an, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn àwọn ará Odigbo ti ń buwọ́ lùwé láìjanpata, wọ́n ní reluwé kì í purọ́. Wọ́n ní kí n jókòó síbi iṣẹ́ mi. Bí wọ́n bá lé mi, ó máa yé mi. Bí wọ́n bá yìn mí, ó máa yé mi. Títí di báyìí mi ò mọ èwo ni wọ́n ṣe fún mi. Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìgbà yẹn. Àwọn aládùúgbò ní wọ́n wà ní ilé àdúrà. Nígbà kẹrin mo lọ sí ilé àdúrà, àwọn ará ibẹ̀ ní wọ́n wà nílé.

Lọ́jọ́ tí a máa pín ìwé ilẹ̀ tuntun, ọ̀sán ni, lábẹ́ àtíbàbà kan ní Omifunfun. Mo dúró, mò ń na ìwé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀, àwọn kan nínú wọn jù mí lọ. "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ ṣé, ọ̀gá." Mò ń sọ pé kí wọ́n dìde, wọn ò gbọ́. Ara ń ni mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi díẹ̀.

Ó wá kan Màmá. Wọ́n rìn bọ̀ láìwọ bàtà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí wọn, mo ti ń tẹ̀ba kí n lè kí wọn. Kí n tó kúnlẹ̀, Màmá ti kúnlẹ̀. Màmá! Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, tí orúnkún wọn ò gbà kí wọ́n kúnlẹ̀ gbàdúrà mọ́, àga ni wọ́n ń gbé fún wọn ní ilé àdúrà. Àwọn èèyàn pariwo. Mo ṣubú lulẹ̀ níwájú wọn, mo di èjìká wọn mú. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Èmi ni. Ẹ má ṣe é fún mi."

Wọn ò sunkún, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ọ̀gá. Gbogbo ẹni tí ẹ fún nílẹ̀ ló kúnlẹ̀. Kí ló dé tí tèmi á fi yàtọ̀?"

Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sínú àpò sùtánà wọn. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn, wọ́n ní kí obìnrin tó tẹ̀ lé wọn bá wọn nawọ́ kí wọ́n lè dìde. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ níwájú wọn, mo nà án sí wọn, wọn ò dì í mú.